Bí ẹ ṣe lè wọn ara yín kí ẹ tó ra kọ́mú

Tí ọ̀já kọ́mú bá ń gùn lọ sókè lẹ́yìn, tí okùn rẹ̀ ń gé èjìká, tí ọmú sì ń yọ lókè nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú, àṣìṣe kan ṣoṣo ló sábà máa ń fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀já ti tóbi jù, kọ́ọ̀pù sì ti kéré jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń wọ irú kọ́mú bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n sì gbà pé bí kọ́mú ṣe máa ń ni ènìyàn lára nìyẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Téèpù kan, bébà kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ti tó láti mọ nọ́ńbà tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ara yín ni yóò dájọ́ bóyá nọ́ńbà náà tọ̀nà.

Kí á lè máa gbọ́ ara wa yé: ọ̀já ni apá tó yí àyà ká lábẹ́ ọmú títí dé ẹ̀yìn, kọ́ọ̀pù ni ibi tí ọmú ń wọ̀, àárín ni ibi kékeré tó so kọ́ọ̀pù méjèèjì pọ̀ níwájú, ìkọ́ ni wọ́n fi ń de ọ̀já lẹ́yìn, wáyà ni irin tàbí ike tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ kọ́ọ̀pù. Ọ̀já yìí ló ń gbé ọmú dúró ju ohunkóhun mìíràn lọ. Okùn èjìká kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ohun tí nọ́ńbà àti lẹ́tà ń sọ

Lára kọ́mú, ẹ ó rí nǹkan bíi 34C. 34 ni ọ̀já, C ni kọ́ọ̀pù. Lẹ́tà yìí kò sọ bí ọmú ṣe tóbi tó. Ohun tó ń sọ ni iye tí ìwọ̀n àyà, níbi tí ọmú ti yọ jù, fi ju ìwọ̀n ọ̀já lọ. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀pù 30D, 32C, 34B àti 36A fi ń gba ọmú tó tó bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wọn kò dọ́gba. Kọ́ọ̀pù 38D sì tóbi ju ti 30D lọ fíìfíì. Ẹni tó bá sọ pé D ni òun ń wọ̀, tí kò sọ nọ́ńbà ọ̀já, kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mú kọ́mú fún un.

Ìbẹ̀rù lẹ́tà wà lára ohun tó ń lé ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ kọ́mú tó bá a mu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ S. H. Camp ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà pe ìwọ̀n ọmú lọ́dún 1932, A dé D nìkan ni wọ́n lò, D sì ni ìparí. Lónìí, E, F, G, H àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ẹni tí àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè wọ F láìjẹ́ pé ọmú rẹ̀ tóbi lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà dẹ́rù bà yín nígbà tí ìṣirò bá gbé e jáde.

Ìmúra

Téèpù aránṣọ tó rọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti káfíńtà. Kí ẹ tó fi kan ara, ẹ tẹ́ ẹ sórí rúlà: ínǹṣì 12 gbọ́dọ̀ bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 30 àti ààbọ̀. Téèpù tó ti pẹ́ máa ń fà, tó bá sì ti fà, ohun tí ẹ máa kà lórí rẹ̀ yóò kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ wo etí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí irin kékeré tó wà níbẹ̀ bá ti já, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ínǹṣì 1, kí ẹ sì yọ 1 kúrò nínú ohun tí ẹ bá kà.

Bí kò bá sí téèpù, òwú tó nípọn tí kì í fà lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi yí ara ká, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó ti pàdé, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí rúlà. Rọ́bà tàbí ohunkóhun tó ń nà kò dára fún un.

Ẹ bọ́ aṣọ òkè kúrò. Ó dára jù láti wọn ara láìwọ kọ́mú. Ṣùgbọ́n bí ọmú bá wálẹ̀ débi pé téèpù kò lè dé abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ wọ kọ́mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní fóòmù. Kọ́mú onífóòmù ń fi ínǹṣì tí kì í ṣe ti ọmú kún ìwọ̀n. Kọ́mú tó ń fún ọmú mọ́lẹ̀, bíi ti eré ìdárayá, ń yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọmú ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń wú ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú nǹkan oṣù. Ẹ dúró títí nǹkan oṣù yóò fi parí, tí wíwú náà yóò sì ti lọ, kí ẹ tó wọn ara. Bí wíwú yín bá pọ̀ lóṣooṣù, ẹ lè wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó wú àti nígbà tí kò wú, kí ẹ sì ní kọ́mú kan tí kò ní wáyà fún àwọn ọjọ́ wíwú.

Abẹ́ ọmú, lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ dúró ṣánṣán níwájú dígí. Téèpù yóò kọjá lábẹ́ ọmú gan-an, níbi tí ọmú ti pàdé egungun ìhà, yóò sì yí ẹ̀yìn ká ní ìpele kan náà. Ẹ̀yìn yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí ojú kò dé ibẹ̀. Téèpù máa ń yọ̀ wálẹ̀ síbi ìbàdí, tàbí kó gòkè sí egungun èjìká, ìwọ̀n yóò sì yàtọ̀. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí, kí ẹ wò ó bóyá ó lọ gbọọrọ láìtẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó lè bá yín mú ẹ̀yìn rẹ̀, ó dára púpọ̀. Apá yín méjèèjì ní láti wà nílẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, torí bí ẹ bá gbé apá sókè, egungun ìhà yóò gbòòrò.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ti wọ́ọ́rọ́wọ́: téèpù kan ara yípo, kò tẹ̀ ẹ́ níbì kankan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwọ̀n kejì ni ti ṣinṣin: ẹ mí síta pátápátá, kí ẹ fa téèpù bí ọ̀já kọ́mú ṣe yẹ kó mú ara, kó lè dúró láìyọ̀ bí ẹ bá jáwọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èyí ni ìwọ̀n tí a ó fi ṣírò.

Ìwọ̀n kẹta ni ti fífún: ẹ tún mí síta, ẹ fà á títí dé ibi tí ara lè gbà kó tó máa dunni. Kì í ṣe pé ẹ máa wọ kọ́mú tó fún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwọ̀n yìí ń sọ ni irú ara tó wà lábẹ́ téèpù. Bí ti fífún bá fi ínǹṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ti wọ́ọ́rọ́wọ́, ara náà rọ̀, ó sì lè gba ọ̀já tó mú dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò ju ínǹṣì 1 lọ, egungun súnmọ́ awọ níbẹ̀, ọ̀já tó fún díẹ̀ lè máa dun yín, ẹ sì lè fẹ́ èyí tó fi nọ́ńbà kan tóbi sí i.

Ẹ kọ ìlàjì àti ìdá mẹ́rin ínǹṣì sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i. Ẹ má tíì yí i sí nọ́ńbà odindi.

Ọmú fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta

Ọmú kì í dúró sójú kan, torí náà ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tí ọmú rẹ̀ rọ̀, tó sì wálẹ̀, tó bá wọ̀n ọ́n lórí ìdúró nìkan, yóò pàdánù apá tó fẹ̀ sí ara ní ìsàlẹ̀.

Lórí ìdúró: téèpù gba ibi tí ọmú ti yọ jù kọjá, ó sábà máa ń jẹ́ ibi orí ọmú, ó sì lọ gbọọrọ lẹ́yìn. Kó kan ara lásán. Bí ẹ bá rí i pé téèpù wọ inú ẹran ọmú, tó ṣe ojú ìlà síbẹ̀, ẹ ti fà á jù. Ẹ tú u díẹ̀.

Lórí títẹ̀: ẹ tẹ̀ láti ìbàdí títí ẹ̀yìn yín yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, kí ọmú máa rọ̀ sílẹ̀ tààrà. Ẹ tún fi téèpù yí ibi tó yọ jù ká láìfún un. Bí ẹ bá tẹ̀ ní ìdajì, ìwọ̀n kò ní pé. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwọ̀n yìí ló ń tóbi jù, ó sì lè fi ínǹṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ìdúró.

Lórí ìdùbúlẹ̀: ẹ tẹ́ téèpù sórí ibùsùn tó le díẹ̀, ẹ fẹ̀yìn lé e, kí ẹ wá mú etí rẹ̀ méjèèjì pàdé lórí ọmú. Ọmú tó rọ̀ yóò ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ abíyá, ìwọ̀n yìí yóò sì sọ iye rẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ fi 3 pín in. Bí ọmú yín bá kéré tó sì le, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ti ìdúró nìkan sì lè tó yín.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níwájú dígí, tí ọwọ́ yín sì wà lára ọmú, ẹ fojú sílẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó líle tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí awọ ti fà wọnú, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sínú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí ọmú jáde, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́mú sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ìṣirò

Ẹ mú ìwọ̀n ṣinṣin ti abẹ́ ọmú, kí ẹ sún un sí nọ́ńbà tó ṣeé fi 2 pín tó súnmọ́ ọn jù, torí pé 28, 30, 32, 34 ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í ṣe 31 tàbí 33. Bó bá bọ́ sí àárín gan-an, bíi 31, ẹ wo ìyàtọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ àti fífún tí ẹ kọ sílẹ̀: ara tó rọ̀ máa ń gba 30, ara tó jẹ́ egungun máa ń gba 32.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ nọ́ńbà ọ̀já yìí kúrò nínú ìwọ̀n ọmú. Ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tó bá kù jẹ́ lẹ́tà kan:

- kò tó 1: AA
- 1: A
- 2: B
- 3: C
- 4: D
- 5: DD
- 6: E ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, DDD tàbí F ní Amẹ́ríkà
- 7: F ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, G ní Amẹ́ríkà
- 8: FF ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; H ní Amẹ́ríkà
- 9: G ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, I ní Amẹ́ríkà

Títí dé DD, orílẹ̀-èdè méjèèjì ń lọ pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pínyà, G ti Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe G ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣe kọ́mú náà kí ẹ tó gbà pé lẹ́tà yín ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ara kan ṣe àpẹẹrẹ. Abẹ́ ọmú: wọ́ọ́rọ́wọ́ 33, ṣinṣin 32, fífún 30 àti ààbọ̀. Ọmú: ìdúró 36, títẹ̀ 38, ìdùbúlẹ̀ 37. Àròpọ̀ ti ọmú jẹ́ 111. Bí a bá fi 3 pín in, ó di 37. Ọ̀já jẹ́ 32. Ẹ yọ 32 kúrò nínú 37, ó ku 5. Ibi tí ẹni yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni 32DD.

Ọ̀rọ̀ ínǹṣì 4 tí wọ́n ń fi kún un

Ẹ ó pàdé ìlànà mìíràn, tó sọ pé kí ẹ fi ínǹṣì 4 kún ìwọ̀n abẹ́ ọmú bó bá ṣeé fi 2 pín, tàbí 5 bí kò bá ṣeé pín, kí ẹ tó máa pè é ní ọ̀já. Láyé àtijọ́ tí aṣọ kọ́mú kì í fà, ó nídìí. Aṣọ òde òní ń fà dáadáa. Ẹni tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, bó bá tẹ̀ lé ìlànà náà, ọ̀já rẹ̀ yóò di 36, ìyàtọ̀ yóò di 1, wọn yóò sì fún un ní 36A. Kọ́ọ̀pù 36A gba iye ọmú kan náà pẹ̀lú 32C. Ìyẹn ni pé ọ̀já fi ínǹṣì 4 tóbi jù, kọ́ọ̀pù sì fi lẹ́tà méjì kéré jù. Ẹ rí ibi tí èjìká gígé àti ọmú tó ń yọ lókè ti ń wá.

Àmọ́ ìlànà yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ó ṣì fara pamọ́ sínú ìwọ̀n àwọn ilé-iṣẹ́ kan. Ẹ wo ti Yúróòpù: sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka ọ̀já, 70 wọn sì wà fún ẹni tí abẹ́ ọmú rẹ̀ jẹ́ 68 sí 72. Lára kọ́mú, wọ́n á kọ ọ́ pé 70 Yúróòpù jẹ́ 32 Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 70 kò tó ínǹṣì 28. Àfikún 4 yẹn ló wà láàárín 28 àti 32. Kọ́ọ̀pù wọn náà ní ìṣirò tirẹ̀: ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 12 sí 14 ni A, 14 sí 16 ni B, 16 sí 18 ni C, ó sì ń lọ ní méjì-méjì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ínǹṣì 32 lọ ìlọ́po 2.54, kí ẹ wá máa wá 81 kiri. Ẹ má sì ṣe mú ọ̀já láti inú ìlànà kan, kí ẹ mú lẹ́tà láti inú òmíràn. Ohun tí wọ́n kọ sára kọ́mú ni kí ẹ fi tú u: 32 Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jẹ́ 70 Yúróòpù, 85 Faransé, 10 Ọsirélíà, 34 jẹ́ 75, 90 àti 12, ó sì ń tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní Jàpáànì, lẹ́tà ló ń ṣáájú, bíi B75, ìṣirò lẹ́tà wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní àtẹ ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ wo ohun tó ń bi yín nínú rẹ̀: ṣé ìwọ̀n abẹ́ ọmú gan-an ni, àbí ó ti fi nǹkan kún un?

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a kò ti fi nǹkan kún un. Bó bá fún jù lára, ẹ sún lọ sókè ní nọ́ńbà kan.

Wíwọ̀ ọ́ wò

Tí kọ́mú bá jẹ́ tuntun, ìlà ìkọ́ tó wà létí pátápátá, èyí tó fẹ̀ jù, ni kí ẹ fi dè é. Rọ́bà inú ọ̀já ń fà bí oṣù ti ń gorí oṣù, ìlà ìkọ́ yòókù sì wà fún ìgbà náà. Kọ́mú tuntun tó jẹ́ pé ìlà tó fún jù nìkan ló mú ara ti tóbi láti ilé ìtajà.

Ẹ tú okùn èjìká kó gùn díẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ọmú wọ inú kọ́ọ̀pù, kí ẹ sì de ìkọ́ lẹ́yìn. Ẹ wá bọ ọwọ́ òdìkejì sínú kọ́ọ̀pù, ẹ kó ẹran ọmú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ abíyá wá síwájú, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Kọ́mú tó kéré máa ń ti ọmú lọ sí ẹ̀gbẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, kọ́ọ̀pù tó dà bíi pé ó ní àyè tẹ́lẹ̀ sì lè kún bámúbámú lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó o wálé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa okùn èjìká títí yóò fi mú, tí ìka kan tàbí méjì ṣì lè gba abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀já lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú iwájú tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìka méjì lè gba abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí odindi ẹ̀ṣẹ́ bá gbà, ó ti tóbi jù. Ẹ wá yọ okùn èjìká méjèèjì kúrò lórí èjìká fún ìṣẹ́jú kan: ọ̀já tó dára yóò dúró síbi tó wà, ọmú yóò sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lásán. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣubú, okùn ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀já.

Àárín kọ́mú oníwáyà gbọ́dọ̀ kan egungun àyà. Tó bá dúró lókè láìkan ara, kọ́ọ̀pù ló sábà máa ń kéré, tí ọmú sì ń tì í. Wáyà yóò tẹ̀ lé ojú ibi tí ọmú ti bẹ̀rẹ̀ lára, yóò sì parí sí abẹ́ abíyá, lórí egungun ìhà. Ẹ fi ìka tẹ ìparí rẹ̀: bí ohun tó wà lábẹ́ bá rọ̀ bí ẹran ọmú, kọ́ọ̀pù kò fẹ̀ tó.

Etí òkè kọ́ọ̀pù yóò tẹ́ lórí ọmú láìgé e. Ẹ wọ aṣọ tó fún lé e lórí, kí ẹ sì yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí. Bí ẹ bá rí òkè kan tó wú lókè etí kọ́ọ̀pù, bíi pé ọmú di mẹ́rin, ẹ gòkè ní lẹ́tà kan. Ẹ gbé apá sókè, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ jókòó, nítorí ọ̀já tó mú dáadáa lórí ìdúró lè máa gé ìhà nígbà tí ẹ bá jókòó.

Ohun kan máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Bí àyè bá wà lókè kọ́ọ̀pù, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sọ́kàn ni pé ó tóbi jù. Nígbà mìíràn, kíkéré ló kéré: ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù kò gba ọmú dé ibi tó yẹ, ọmú wá dúró nísàlẹ̀, kọ́ọ̀pù sì ń rọ̀ lókè. Ẹ wo wáyà kí ẹ tó dá ẹjọ́. Bí wáyà bá ti yọ̀ wálẹ̀ kúrò ní ojú ibi tí ọmú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú kọ́ọ̀pù tó tóbi sí i, kì í ṣe èyí tó kéré.

Okùn tó ń yọ̀ kúrò lórí èjìká lè jẹ́ ọ̀já tó tóbi, tó ń gùn lẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ èjìká tó dà sílẹ̀. Fún irú èjìká bẹ́ẹ̀, ẹ wá kọ́mú tí okùn rẹ̀ súnmọ́ ara wọn lẹ́yìn.

Nọ́ńbà tó jẹ́ ọmọ ìyá

Bí kọ́ọ̀pù bá dára tí ọ̀já kò dára, ẹ má yí ọ̀já nìkan. Bí ẹ bá gòkè ní nọ́ńbà ọ̀já kan, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní lẹ́tà kan. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀já, ẹ gòkè ní lẹ́tà. 32DD, 34D àti 36C gba iye ọmú kan náà. Ẹni tí 32DD fún ní ìhà yóò wọ 34D. Bó bá mú 34DD, kọ́ọ̀pù yóò ṣẹ́ kù. Ẹ má sún jù nọ́ńbà kan lọ bó bá ṣeé ṣe, torí bí ọ̀já ṣe ń tóbi, wáyà àti okùn náà ń jìnnà síra wọn.

Bí ọmú ṣe rí

Obìnrin méjì lè jẹ́ 34D, kí kọ́mú kan náà bá ọ̀kan mu, kó má bá ìkejì mu. Lórí títẹ̀ yẹn, ẹ wo ibi tí ẹran ọmú pọ̀ sí. Bó bá pọ̀ lókè orí ọmú, ẹ wá kọ́ọ̀pù tí etí òkè rẹ̀ ń fà tàbí tó ṣí sókè; èyí tó pa dé òkè yóò máa gé yín. Bó bá pọ̀ nísàlẹ̀, kọ́ọ̀pù tó dé ìdajì, tí òkè rẹ̀ kò ga, yóò mú dáadáa. Bí ọmú méjèèjì bá súnmọ́ra púpọ̀, ẹ wá kọ́mú tí àárín rẹ̀ kúrú tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kó má bàa gun ẹran ọmú.

Ọmú kan máa ń tóbi ju ìkejì lọ lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Èyí tó tóbi ni kí ẹ fi ra kọ́mú. Ẹ kúrú okùn ti ìkejì, tàbí kí ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ sí kọ́ọ̀pù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lójijì ni ìyàtọ̀ náà dé, dókítà ni kó wò ó.

Oyún, ọmú fífún ọmọ, eré ìdárayá

Nínú oyún, egungun ìhà ń gbòòrò, ọmú sì ń tóbi, torí náà ẹ tún wọn ara bí ara bá ṣe ń yí. Kọ́mú tí ẹ ó fi máa fún ọmọ lọ́mú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó bímọ ni kí ẹ rà á, kí kọ́ọ̀pù rẹ̀ ní àyè díẹ̀ fún wàrà tó ń bọ̀. Ẹ jìnnà sí wáyà tó ń tẹ ọmú ní àkókò yẹn: ohun tó bá ń fún ọmú lójú kan lè dí ọ̀nà wàrà, kó sì di ìrora.

Ọ̀já kọ́mú eré ìdárayá yẹ kó mú ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹ fò sókè nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì mí kanlẹ̀: ẹni tí kò lè mí kanlẹ̀ nínú rẹ̀ kò lè sáré nínú rẹ̀.

Wíwọn kọ́mú fúnra rẹ̀

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kọ́mú lè purọ́. Téèpù kì í purọ́. Ẹ tú ìkọ́, ẹ tẹ́ kọ́mú sílẹ̀, kí ẹ wọn ọ̀já láti ìkọ́ títí dé àárín ìlà tí ìkọ́ ń wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ wá fà á títí kò fi lè fà mọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n fífà yẹn bá fi ínǹṣì 1 tàbí 2 ju ìwọ̀n ṣinṣin ti abẹ́ ọmú yín lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀já náà bá yín mu. Bó bá kéré sí ìwọ̀n ṣinṣin, yóò há yín. Bó bá fi ínǹṣì 4 jù ú lọ, yóò gùn lọ sókè lẹ́yìn láìpẹ́, nọ́ńbà yòówù kí wọ́n kọ sí i.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí kọ́mú tí ẹ ń wọ̀ báyìí pẹ̀lú. Èyí tó ti dé ìlà ìkọ́ tó fún jù, tó sì tún ń gùn, rọ́bà rẹ̀ ti kú, kò sí àtúnṣe okùn èjìká tó lè jí i. Omi gbígbóná àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ló ń tètè pa rọ́bà yẹn. Ọwọ́ àti omi tútù ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi ọjọ́ kan kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́. Ẹ tún ara wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti nígbàkígbà tí ẹ bá sanra, tí ẹ bá fọn, tàbí tí ẹ bá ṣíwọ́ fífún ọmọ lọ́mú.